Mayfly láti odò Asà dé Ero-Omola: ọ̀sẹ̀ kan létí omi

Ọjọ́ Àìkú, Ìlọrin

Mayfly ni kòkòrò tí a ń wá: inú omi ni ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà kó tó hu ìyẹ́. Ìparí oṣù kọkànlá la mú. Òjò ti dá, omi ti ń fà, ó sì ti mọ́ débi tí ojú fi lè rí ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá lọ ní oṣù kẹsàn-án á bá omi pípọ́n àti yanrìn tó ń yí kiri. Àwọn ọmọ kòkòrò tó yẹ kó wà lára òkúta á ti bá àgbàrá lọ, tàbí kí wọ́n ti sá wọ ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá sì dúró di oṣù kejì, ọ̀pọ̀ odò kéékèèké ní ìhà Òkè-Ẹ̀rọ̀ àti Èkìtì ti Kwara á ti gbẹ di ọ̀gọ̀dọ̀.

Ẹrù kò pọ̀. Àwọ̀n ọlọ́wọ́ gígùn tí ihò rẹ̀ kò ju ìdajì mìlímítà lọ ló ṣe pàtàkì jù, torí pé àwọ̀n ẹja lásán á jẹ́ kí ọmọ mayfly já bọ́ bí omi. Lẹ́yìn rẹ̀ ni abọ́ funfun pẹrẹsẹ méjì, ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹnu rẹ̀ rọ̀, dígí tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀, tẹmọ́mítà, pẹ́ńsùlù, ike kéékèèké tó ní ìdérí, àti bùtù rọ́bà tó ga dé orúnkún. Ẹ má fojú kéré bùtù yẹn. Ìṣáwùrú inú omi tó dúró lè gbé àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀, eṣinṣin dúdú kékeré tó ń jẹni létí omi tó ń sáré sì ni ó ń gbé àrùn ìfọ́jú etídò kiri. Apá aṣọ gígùn ló tọ́ síni, kódà bí oòrùn bá mú.

Ethanol ìdá 80 nínú 100 ni a fi ń tọ́jú ohun tí a bá mú. Bí ìdá 95 ni wọ́n tà fún yín, ẹ wọn 842 mìlílítà rẹ̀, kí ẹ fi omi mímọ́ kún un títí yóò fi di lítà kan. Àwọn kan máa ń fi ògógóró dípò rẹ̀. Kò lágbára tó, agbára ìgò kan kì í sì í bá ti èkejì mu. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ara kòkòrò á ti rọ̀, á máa rùn. Formalin ní tirẹ̀ máa ń mú kí ara kòkòrò gan, kí ẹ̀yà tó fi ń mí máa kán dànù, bẹ́ẹ̀ ẹ̀yà yẹn gan-an la fi ń dá a mọ̀.

Ọjọ́ Ajé, odò Asà

Odò Asà wọ Ìlọrin láti gúúsù, ó gba àárín ìlú, ó sì ń ṣàn lọ sí ìhà àríwá. Nítorí náà ibi méjì la ti wo ó: kan kí omi tó kó ìdọ̀tí ìlú, kan lẹ́yìn tí ó ti gba abẹ́ afárá àti ẹ̀yìn ọjà kọjá. Ìsàlẹ̀ ni a ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kí a máa gòkè, torí ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè á ti da omi rú fún ara rẹ̀. Ẹni kan á di àwọ̀n mú, ẹnu rẹ̀ á kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Ẹlòmíràn á máa fi ẹsẹ̀ tú òkúta àti yanrìn níwájú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú mẹ́ta yìí gbọ́dọ̀ dọ́gba níbi gbogbo, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ a ò lè fi ibì kan wé ibòmíràn.

Lẹ́yìn náà, ẹ da a sínú abọ́ funfun pẹ̀lú omi díẹ̀, kí ẹ dúró. Èrò ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé kò sí nǹkan nínú rẹ̀, wọ́n á sì ti yára dà á nù. Ìṣẹ́jú kan tàbí méjì ni ó ń gba kí àwọn ọmọ kòkòrò tó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Abẹ́ ibòji ni kí abọ́ wà, torí oòrùn ọ̀sán á sè wọ́n láìpẹ́. Bí ọmọ lámilámi bá wà níbẹ̀, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á ti dín iye wọn kù kí ẹ tó kà wọ́n.

Ọmọ mayfly ní ìrù mẹ́ta tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí irun (irú díẹ̀ ní méjì). Ní ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ ni ẹ̀yà tó fi ń mí wà, wọ́n tò ní méjì méjì, wọ́n sì máa ń mì. Èékánná kan ṣoṣo ló wà ní òpin ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó máa ń tan àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni ọmọ ìbátan lámilámi, èyí tó tín-ín-rín: òun náà ní mẹ́ta lẹ́yìn, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ̀ pẹlẹbẹ, inú wọn ló ti ń mí, ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ sì ṣófo. Bí ẹ bá fi ẹ̀mú kan àgbọ̀n rẹ̀, ẹ ó rí ẹ̀yà gígùn tó ká sí abẹ́ ẹnu, èyí tó ń nà jáde láti fi gbá ẹran mú. Mayfly kò ní irú rẹ̀.

Lókè ìlú, irú méjì ló pọ̀. Àkọ́kọ́ ni àwọn Baetidae, ẹbí kan tó ní irú púpọ̀ nínú, tó tín-ín-rín, tó ń já ṣòòrò nínú abọ́ bí ọmọ ẹja. Èkejì ni Caenis, kékeré, onírun, tó ń rọra wọ́ nínú ẹrẹ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn Caenis dáadáa: ẹ̀yà ìmí méjì kan ti di ìdérí onígun mẹ́rin tó bo àwọn tó kù, kí ẹrẹ̀ má bàa dí wọn. Ìdí nìyẹn tó fi lè gbé níbi tí ọ̀pọ̀ ẹbí rẹ̀ á ti kú.

Nísàlẹ̀ ìlú, ìdin pupa ló kún abọ́, àti aràn tẹ́ẹ́rẹ́, àti ìṣáwùrú. Baetidae díẹ̀, kò sí irú mayfly mìíràn. Omi ìfọṣọ nìkan kọ́ ló ń fà á. Ìdọ̀tí tó ń jẹrà, omi ẹ̀gẹ́ àti ìgbẹ́ máa ń mú kí kòkòrò àìfojúrí pọ̀ sí i, àwọn yẹn á sì fa atẹ́gùn ọ́síjìn inú omi mu. Omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀: ní 25°C, omi tó kún dé ẹnu fún ọ́síjìn kò ní ju nǹkan bí 8.3 mìlígíráàmù nínú lítà kan lọ. Ìgbà tí ọ́síjìn máa ń kéré jù ni ìdájí, nígbà tí ewéko inú omi kò tíì rí oòrùn. Ẹni tó bá wọn ọ́síjìn ní aago méjì ọ̀sán á gba ìròyìn ayọ̀ tí kò bá ohun tí kòkòrò ń rí ní òru mu.

Ibí yìí ni a fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí gbogbo ọ̀sẹ̀ yìí dá lé e. Wọ́n máa ń sọ pé ibi tí mayfly bá wà, omi ibẹ̀ mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Baetidae àti Caenis lè fara da ìdọ̀tí dé àyè kan. Irú tó wà àti iye irú tó wà ni ẹ̀rí, kì í ṣe pé a rí mayfly. Àwọn ará South Africa ní ìlànà ìdíwọ̀n kan, SASS5, tó fi èyí hàn kedere. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni kòkòrò náà kò ṣe lè fara da ìdọ̀tí tó: irú Baetidae kan ṣoṣo gba 4, irú méjì gba 6, ó ju méjì lọ gba 12; Caenidae, ẹbí Caenis, gba 6; nínú àwọn ẹbí tí a ó sọ̀rọ̀ wọn ní Owu, Heptageniidae gba 13, Oligoneuriidae gba 15. Wọn kò ṣe é fún odò tiwa, nítorí náà a kì í fi í dájọ́ omi Kwara, ṣùgbọ́n ó dára láti fi wé ara wọn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ̀fà

Odò Ọ̀yún tí wọ́n sé ní Ọ̀fà jẹ́ omi tó dúró, ìwà kòkòrò inú rẹ̀ sì yàtọ̀. A kì í fi ẹsẹ̀ tú ìsàlẹ̀ níbí. Àwọ̀n la ń gbá gba inú koríko etí omi, láti ìsàlẹ̀ bọ̀ sókè, kí ohun tó bá já lè bọ́ sínú rẹ̀. Cloeon ló pọ̀ jù: ìwo rẹ̀ gùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín, ẹ̀yà ìmí rẹ̀ sì ń jùwọ̀ láìsinmi. Omi kò ṣàn wá bá a, òun fúnra rẹ̀ ló ń fi ẹ̀yà yẹn fa omi tútù gba ara kọjá. Nígbà tó bá dàgbà, ìyẹ́ méjì péré ló máa ń ní. Ìyẹ́ ẹ̀yìn kò sí rárá.

Nínú ẹbí Cloeon yìí ni ọ̀kan wà ní Yúróòpù, Cloeon dipterum, tí abo rẹ̀ máa ń gbé ẹyin sínú fún nǹkan bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó yé e, ẹyin náà á sì pa lójú ẹsẹ̀ tó bá kan omi. Ẹni tó ń sọ pé ọjọ́ kan ni gbogbo mayfly ń lò kò tíì pàdé ìyẹn. Ní ìdà kejì, Dolania americana wà ní Amẹ́ríkà tí abo rẹ̀ kì í lo ìṣẹ́jú márùn-ún lẹ́yìn tó bá bọ́ awọ ìkẹyìn.

A tún wá Povilla adusta. Òun ni mayfly tó ń lu igi. Ọmọ rẹ̀ ní eyín líle, ó ń gbẹ́ ihò sínú igi tó wà lábẹ́ omi, ó ń fi okùn bí òwú tẹ́ ihò náà nínú, á wá jókòó síbẹ̀ máa fi ẹ̀yà ìmí fa omi wọlé, kó lè sẹ́ oúnjẹ inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sé odò Ọya ní Kainji lọ́dún 1968, tí omi bo igi igbó mọ́lẹ̀, ó rí ilé gbà níbẹ̀ gan-an. Ó máa ń ba ọkọ̀ onígi àti òpó èbúté jẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà, ẹ fa igi tó ti pẹ́ nínú omi jáde, kí ẹ là á pẹ̀lú àdá ní ìbámu pẹ̀lú ìṣan igi. Igi tí a là ní Ọ̀fà kò ní ihò kankan. Etí omi ni a ti fà á, omi ibẹ̀ sì máa ń fà lẹ́ẹ̀rùn tí igi á fi gbẹ. Ọmọ Povilla kò lè gbé inú igi gbígbẹ. Ẹni tó bá ní ọkọ̀ ojú omi lè wo igi tó jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní alẹ́, a ta aṣọ funfun, a gbé iná síwájú rẹ̀, láti aago 6:45 sí aago 9. Alẹ́ tí kò sí òṣùpá ló dára jù fún iná. Povilla nìkan ni ó yàtọ̀: lọ́dún 1955, onímọ̀ kan, R. Hartland-Rowe, ròyìn pé ní adágún Victoria, nǹkan bí alẹ́ kejì lẹ́yìn tí òṣùpá bá kún ni wọ́n máa ń jáde jù. Ẹ má fi mayfly pe èsúnsún. Ìyẹ́ mẹ́rin èsúnsún dọ́gba, wọ́n máa ń dùbúlẹ̀ sí ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sì máa ń já dànù. Ìyẹ́ mayfly ń dúró gangan sókè, ti iwájú tóbi, ti ẹ̀yìn kéré tàbí kó má sí. Ẹ yára kó wọn, torí ọmọ́nílé ara ògiri kò mọ̀ pé iṣẹ́ ìwádìí là ń ṣe.

Ọjọ́rú, ojú ọ̀nà

Ọ̀nà Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán. Kò sí iṣẹ́ púpọ̀, àfi ohun kan tó yẹ kí awakọ̀ mọ̀. Mayfly kì í fi ojú wá omi bí àwa ṣe ń wá a. Irú ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà ní ìbú lójú omi ló ń tẹ̀ lé. Ọ̀dà títì náà ń ta irú ìmọ́lẹ̀ yìí. Lọ́dún 1998, àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Kriska, Horváth àti Andrikovics, fi hàn ní Họ́ngárì pé abo mayfly ń yé ẹyin sórí títì gbígbẹ nítorí èyí. Òrùlé mọ́tò dúdú tó ń dán lè tàn wọ́n bákan náà. Gbogbo ẹyin yẹn á gbẹ dànù. Bí títì bá gba ẹ̀gbẹ́ odò, igi tó bá wà láàárín méjèèjì kì í ṣe fún ẹwà nìkan.

Ọjọ́bọ̀, Owu

Omi Owu ní Ọ̀wá-Kájọlà já láti orí àpáta tó ga tó nǹkan bí 120 mítà. Ẹsẹ̀ àpáta gan-an kọ́ ni ibi iṣẹ́. Omi ibẹ̀ ń fi agbára lu ilẹ̀, òkúta kò sì dúró. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ sí ibi tí omi ti ń sáré lórí òkúta tó tóbi tó ìkúùkù sí orí èèyàn, tí omi kò ga ju orúnkún lọ.

Ẹ gbé àwọ̀n sí ìsàlẹ̀ òkúta kan, ẹ gbé òkúta náà sókè, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rọra gbá a sínú àwọ̀n, kí ẹ dá a padà bó ṣe wà, ojú tó wà nílẹ̀ kó padà sílẹ̀. Àwọn abo Baetis kan (ara ẹbí Baetidae) máa ń rìn wọ inú omi lọ yé ẹyin sí abẹ́ òkúta, bí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, ẹyin yẹn ti ṣègbé.

Níbí ni irú wọn ti pọ̀. Heptageniidae, irú Afronurus, pẹlẹbẹ ni. Ojú rẹ̀ wà lórí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì ń fẹ̀gbẹ́ sá lọ sí ẹ̀yìn òkúta bí ẹ bá ti yí i. Lára òkúta gan-an omi kì í fi bẹ́ẹ̀ yára, inú àyè tóóró yẹn ni ara pẹlẹbẹ yẹn ń gbé, ó ń ha ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ lára òkúta jẹ. Tricorythus le koko, ó ń fi irun ẹnu sẹ́ oúnjẹ. Leptophlebiidae wà nínú ewé tó kó jọ sí ẹ̀yìn òkúta, ẹ̀yà ìmí wọn sì pín sí méjì ní ṣóńṣó. Ibi tí omi bá le jù ni kí ẹ ti wá Oligoneuriidae: irun gígùn tò sí ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ó kọjú sí omi, ó nà án, ohun tí omi bá gbé wá ni oúnjẹ. Ẹ tún wo ara wọn fínnífínní. Ní Áfíríkà, ọmọ àwọn eṣinṣin dúdú kan máa ń lẹ̀ mọ́ ara ọmọ mayfly, tí wọ́n á fi ṣe ọkọ̀.

Bí omi ṣe ń gbé ọmọ mayfly lọ ní alẹ́ ni ó yẹ kí a mọ̀. Lọ́sàn-án, ẹja ń rí wọn, nítorí náà wọ́n ń fara mọ́ òkúta. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọ́n á jáde wá jẹun, omi á sì gbé ọ̀pọ̀ lọ. Àwọ̀n tí a so mọ́ igi fún wákàtí méjì lẹ́yìn tí ilẹ̀ ṣú máa ń kó ju ti ọ̀sán lọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí i tí wọ́n ń bá omi lọ lọ́pọ̀ ní ọ̀sán gangan, ẹ fura. Ẹnì kan lè ti da gamalín sí omi lókè láti fi pẹja, tàbí kí ó ti fọ táńkì oògùn koríko sínú rẹ̀. Odò á padà bọ̀ sípò láti ọwọ́ àwọn tó ń bá omi bọ̀ láti òkè, àti ti abo tó ń fò lòdì sí omi láti lọ yé ẹyin. Bí ó bá jẹ́ pé orísun gan-an ló kó májèlé, ìpadàbọ̀ yẹn á pẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, Ero-Omola

Ero-Omola náà jẹ́ omi tó ń já láti orí àpáta. Ibí yìí ni a ti wo àwọn tó ti hu ìyẹ́. Ọmọ inú omi máa ń bọ́ awọ lọ́pọ̀ ìgbà, láti 10 sí 50, kó tó jáde. Irú mìíràn ń lo ọ̀sẹ̀ díẹ̀ nínú omi, irú mìíràn ọdún kan tàbí méjì. Lẹ́yìn tó bá ti gba ìyẹ́, ó tún máa bọ́ awọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí kòkòrò mìíràn láyé òde òní tó ń bọ́ awọ lẹ́yìn tó ti ní ìyẹ́ tó ń fi fò. Ìyẹ́ àkọ́kọ́ ṣókùnkùn, irun wà létí rẹ̀, kì í sì í tètè mu omi. Ìyẹn ló jẹ́ kó lè kúrò lójú omi. Ìyẹ́ kejì mọ́ gaara.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, àwọn akọ pé jọ lókè àpáta kan, wọ́n ń fò sókè, wọ́n ń rọ̀ wá sílẹ̀. Abo tó bá gba àárín wọn kọjá ni akọ á fi ẹsẹ̀ iwájú gígùn gbá mú láti ìsàlẹ̀, ojú òfuurufú ni wọ́n sì ti ń gùn. Ẹnu wọn ti sọnù, inú wọn kún fún afẹ́fẹ́, wọn kì í jẹ, wọn kì í mu. Ohun tí ó jẹ nínú omi ló ń ná. Ẹyin lè tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan tàbí ẹgbẹ̀rún díẹ̀. Ẹja ń gba ti ojú omi. Alápàńdẹ̀dẹ̀, àdán àti aláǹtakùn ń gba ti òkè.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ orúkọ irú kan dájú, akọ tó ti dàgbà ni ẹ nílò, torí ẹ̀yà ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ń ya irú sọ́tọ̀. Nítorí náà a máa ń tọ́ ọ. Ẹ yan ọmọ tí àpò ìyẹ́ rẹ̀ ti dúdú, èyí tó máa jáde láàárín ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ẹ fi í sínú kọ́ọ̀bù tó ní omi odò sẹ̀ǹtímítà méjì tàbí mẹ́ta, òkúta kan tó yọrí, àti àwọ̀n tó bò ó. Abẹ́ ibòji ni kí ó wà. Ẹ pààrọ̀ omi láàárọ̀ àti lálẹ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ìpadàsí Ìlọrin

Ohun tó máa ń ba ọmọ ààyè jẹ́ lójú ọ̀nà ni omi tó ń fì. Ewé tútù nínú ike, tí wọ́n lè dì mú, sàn ju ike tó kún fún omi lọ. Èyí tó bá ti hu ìyẹ́ àkọ́kọ́, ẹ gbé e sínú kọ́ọ̀bù bébà gbígbẹ, pẹ̀lú òwú tútù díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan. Bí inú rẹ̀ bá gbẹ jù, awọ á há mọ́ ẹsẹ̀ àti ìyẹ́, kò ní lè bọ́ ọ. Bí ó bá tutù jù, ìyẹ́ á lẹ̀ mọ́ ògiri kọ́ọ̀bù. Ọ̀yẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà gbígbẹ ló ń pa èyí tó pọ̀ jù. Ẹ má fi ọwọ́ mú un ní ìyẹ́. Caenis kì í fi àkókò ṣòfò, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń bọ́ ọ. Àwọn mìíràn lè gba wákàtí tàbí ọjọ́ kan.

Awọ ọmọ inú omi, awọ ìyẹ́ àkọ́kọ́, àti àgbà náà gbọ́dọ̀ wà nínú ike kan ṣoṣo, torí wọ́n ni ẹ̀rí pé ẹni kan náà ni wọ́n.

Láàárín wákàtí 24, ẹ da ethanol àkọ́kọ́ nù, kí ẹ fi tuntun sí i. Omi ara kòkòrò ti là á. Ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ bébà kékeré sínú ike, kì í ṣe sára rẹ̀: orúkọ odò, ìlú tó sún mọ́ ọn, ọjọ́ àti àkókò, ìgbóná omi, bí a ṣe mú un, irú ilẹ̀ tó wà, òkúta ni tàbí ewé. Taàdáwà pẹ́ẹ̀nì máa ń yọ́ sínú ethanol, ike tí kò sì ní ibi tó ti wá kò wúlò ju kòkòrò tó kú sójú fèrèsé lọ.